Ìtọ́jú aago ọwọ́ olówó gọbọi: ohun tí à ń ṣe lójúmọ́, lọ́sẹ̀ àti lọ́dún

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, ọjọ́ ogbó kọ́ ló sábà ń pa aago ọwọ́ olówó gọbọi. Omi tí ó gba ibi tí kò yẹ wọlé ni, tàbí òógùn tí a kò fọ̀ kúrò lára rẹ̀, tàbí eruku ọyẹ́, tàbí ọwọ́ ẹni tí ó ṣí i láìní irinṣẹ́ tí ó tọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé yẹra fún, ohun tí a sì nílò nílé kò ju ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan àti aṣọ ìnudígí lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ó jogún aago bàbá rẹ̀, fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ rà á ránṣẹ́ láti òkè òkun, àti fún ẹni tí ó tu owó jọ títí ó fi ra tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti bátìrì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní píìlì: iná bátìrì náà ń mú òkúta bíńtín kan tí à ń pè ní quartz gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbígbọ̀n yẹn ni aago fi ń ka àkókò. Èkejì ni èyí tí à ń fi ọwọ́ yí, tí sípíríńgì inú rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ẹ̀kẹta náà ní sípíríńgì, ṣùgbọ́n irin wúwo kan tí ó rí bí ìlàjì òṣùpá wà nínú rẹ̀ tí ó ń yí kiri bí apá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ti ń mì, ìyẹn ni ó sì ń wé sípíríńgì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ó jẹ́, ẹ wo ọwọ́ àáyá rẹ̀. Bí ó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní àáyá kọ̀ọ̀kan, ti bátìrì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá ń rìn geere bí ẹni pé kì í dúró, ti sípíríńgì ni lọ́pọ̀ ìgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dúró: púpọ̀ nínú àwọn aago sípíríńgì òde òní ń lù ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe ìgbà mẹ́jọ ní àáyá kan, ojú wa ni kò lè bá a lọ. Ní ti aago àjogúnbá, ọdún tí a rà á lè sọ ọ́ fún yín. Ọdún 1969 ni aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́, Astron tí Seiko ṣe ní Jàpáànù, dé ọjà. Aago tí bàbá yín bá ti ń wọ̀ kí ọdún náà tó dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé sípíríńgì ni ó wà nínú rẹ̀.

Kókó ẹ̀gbẹ́ aago ni ilẹ̀kùn rẹ̀

Bí mo bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo nípa ìtọ́jú aago, kókó kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa sọ. Òun ni a fi ń yí sípíríńgì, òun ni a fi ń tún àkókò àti ọjọ́ ṣe, òun náà sì ni ibi tí omi ti ń wọlé bí a bá gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ilẹ̀kùn.

Ẹ bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó yí i. Ẹni tí ó bá ń yí kókó nígbà tí aago ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá tín-ín-rín tí ó so kókó náà mọ́ inú aago a sì máa tẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ irú kókó tí à ń dè bí ìdérí ìgò, ẹ tú u jẹ́jẹ́ títí yóò fi ta jáde díẹ̀. Aago àfọwọ́yí ni kí ẹ máa yí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, òwúrọ̀ ló sì dára jù. Ẹ yí i títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti kọ̀, kí ẹ má sì fi agbára kún un. Èyí tí ó ń yí ara rẹ̀ kò nílò èyí bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ó bá ti dúró nínú àpótí, ẹ yí kókó rẹ̀ ní ìgbà 20 sí 30 kí ẹ tó gbé e sọ́wọ́. Ẹ má máa mì í bí ìgò oògùn ikọ́. Kò níí yá a, ó sì ń dààmú rẹ̀ lásán.

Ní ti ọjọ́ tí ó ń hàn nínú fèrèsé kékeré ojú aago, ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru, eyín àwọn àgbá kékeré inú aago ti ń gbá ara wọn mú láti yí ọjọ́ padà, ẹni tí ó bá sì fi agbára yí ọjọ́ ní àkókò náà lè ká eyín wọn. Bí aago bá ti dúró, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀sán ni ó wà tàbí òru. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ wá sísàlẹ̀ sí aago mẹ́fà, kí ẹ yí ọjọ́ sí ti àná, kí ẹ wá máa yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú títí ọjọ́ náà yóò fi yí fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ó bá yí, ẹ ti kọjá aago méjìlá òru nìyẹn, kí ẹ máa bá a lọ sí àkókò tí ó tọ́. Aago tí kò mọ iye ọjọ́ tí ó wà nínú oṣù yóò béèrè iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́dún, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹwàá àti ìkejìlá.

Ẹ parí rẹ̀ nípa títi kókó náà padà pátápátá. Èyí tí à ń dè, ẹ fi ìka tì í díẹ̀, kí ẹ máa dè é títí yóò fi dúró. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò rìn tààrà, ẹ tú u kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi tipátipá dè é ti ba ojú rírìn rẹ̀ jẹ́.

Èmi fúnra mi ti jìyà àìdè é. Mo ń ti Lómè bọ̀, níbi tí àkókò wọn fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí tiwa, mo sì fa kókó aago mi nínú takisí ní Kùtọnù láti fi wákàtí náà kún un. Ẹnì kan pè mí lórí fóònù, mo tì í wọlé, n kò sì dè é. Òjò ká mi mọ́ orí zẹ́mí, alùpùpù akérò wa, kí n tó délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìrì lábẹ́ dígí, lókè nọ́ńbà mẹ́fà, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ọ̀sán rẹ̀, ìrì náà ti lọ, ọkàn mi sì balẹ̀, ohun tí kò yẹ kí ó balẹ̀ sí nìyẹn: omi náà kò jáde, ó kàn ti lọ jókòó sórí irin inú aago ni. Ẹni tí mo gbé e fún fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sá a sóòrùn, ó dá a padà fún mi. Ṣáájú kí ọdún náà tó parí, ìpẹtà ti so ọwọ́ wákàtí mọ́ ojú kan, ojú ọ̀bẹ náà ṣì wà lẹ́yìn aago mi títí di òní.

Nọ́ńbà omi tí ó wà lẹ́yìn aago

Mítà 30, 50, 100 tàbí 200 tí a kọ sẹ́yìn aago ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kì í ṣe jíjìn odò tí ẹ lè bá a lọ ni, ìwọ̀n ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún un ni, nígbà tí àwọn rọ́bà róbótó tí ó ń dí omi ṣì tuntun lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 3 bar tàbí 3 ATM, mítà 30 náà ni. Èyí tí ó jẹ́ mítà 30 lè gba ìtàsí omi nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà 50 lè fara da òjò dáadáa. Láti mítà 100 lọ sókè ni ẹ lè wẹ odò pẹ̀lú rẹ̀, ti 200 sì wà fún ẹni tí ń mòòkùn. Rọ́bà ń gbó bí ọdún ti ń lọ, pàápàá nínú ooru bí irú tiwa, nítorí náà aago mítà 100 tí a kò tíì yí rọ́bà rẹ̀ padà láti ọdún mẹ́wàá kì í ṣe aago mítà 100 mọ́.

Ẹ má gbé aago èyíkéyìí wọ balùwẹ̀ tí omi gbígbóná ń rú èéfín. Ooru ń mú irin àti rọ́bà wú láì bá ara wọn dọ́gba, èéfín omi sì ń gba ojú ihò tí omi tútù kò lè gbà. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nígbà tí ó bá wà nínú omi. Bí ẹ bá lọ sí etí òkun ní Kùtọnù, ẹ fi omi lásán ṣan aago náà kí iyọ̀ tó gbẹ lára rẹ̀.

Ẹni tí ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ń da omi sọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, nítorí náà mo rò pé ó sàn kí ó bọ́ aago rẹ̀ fún àlùwàlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti mítà 100. Ibi tí yóò gbé e sí ló wá ṣe pàtàkì. Mo rí aago wúrà kan tí ẹni tí ó ni ín gbé lé orí kọ́ńkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà rẹ̀. Bí ọmọdé kan ti nawọ́ mú bútà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá aago náà bọ́ sílẹ̀, dígí rẹ̀ sì là láti nọ́ńbà méjìlá dé mẹ́rin. Àpò ẹ̀wù tí ó ní bọ́tìnnì ni kí ẹ fi í sí, kí dígí rẹ̀ kọjú sí ara.

Bí omi bá ti wọlé, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ, ẹ má sì rì í sínú ìrẹsì. Ìrẹsì kò lè fa omi tí dígí àti irin há mọ́. Ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ aago lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ tán lọ́jọ́ kejì, nítorí ìpẹtà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Fífọ aago lọ́sẹ̀ àti nígbà ọyẹ́

Nígbà ọyẹ́, eruku tí ó bà lé aago ní Kétu tàbí ní Sàbẹ kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán, iyanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí a fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó, dáyámọ́ńdì gba 10, dígí sàfáyà tí ó wà lórí púpọ̀ nínú àwọn aago olówó gọbọi gba 9, iyanrìn quartz gba 7. Iyanrìn kò lè họ sàfáyà, ṣùgbọ́n ó ń họ wúrà, ó ń họ irin, ó ń họ dígí lásán, dígí oníke tí ó wà lórí aago àtijọ́ kò sì tilẹ̀ lè dúró níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi etí agbádá nu eruku gbígbẹ lára aago ń fi iyanrìn fá a ni. Ẹ fẹ́ eruku náà kúrò lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án.

Fún fífọ̀ gan-an, ẹ yẹ kókó wò bóyá ó ti tì tàbí ó ti dè. Bí aago yín kò bá tó mítà 50, tàbí tí ó bá ti dàgbà tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí a yí rọ́bà rẹ̀ padà, ẹ má rì í sómi rárá. Aṣọ tí a rẹ díẹ̀ tí a sì fún gbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Èyí tí ó lè gba omi, ẹ bu omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, kí ẹ kán ọṣẹ olómi sí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé fọ àárín ṣéènì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ń fara kan ara, àti abẹ́ ibi tí ṣéènì ti so mọ́ ìkarahun aago. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí dúdú tí òógùn àti òrí ìpara dà pọ̀ di ń fara pamọ́ sí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí omi abọ́ ṣe ń dúdú tó láti ara aago tí ó ń dán. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn, títí àárín ṣéènì yóò fi gbẹ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó nígbà ọyẹ́ àti nígbà ooru. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tó nígbà tí ara bá tutù.

Okùn awọ kò gbọdọ̀ rí omi. Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀ jù, nítorí náà ẹ má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ méjì léra wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ni yóò fi gbẹ. Bí mo bá lè gbani nímọ̀ràn, ṣéènì irin tàbí okùn rọ́bà ló bá ojú ọjọ́ wa mu láti oṣù kejì títí di ìgbà tí òjò bá tẹnu mọ́lẹ̀, kí a fi okùn awọ sílẹ̀ fún òde ìyàwó àti ìrọ̀lẹ́. Lọ́fíńdà àti oògùn ẹ̀fọn tí à ń fi para gbọdọ̀ ti gbẹ lára kí ẹ tó gbé aago wọ̀, nítorí pé oògùn ẹ̀fọn tí ó ní kẹ́míkà DEET nínú ń jẹ ike àti awọ.

Ìmìtìtì, òòfà àti ibi ìpamọ́

Ẹ bọ́ aago sípíríńgì kí ẹ tó gúnyán. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lè pa ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ odó kì í bá aago ṣeré: gbogbo ìgbà tí ó bá balẹ̀, ìmìtìtì rẹ̀ ń gba ọrùn ọwọ́ wọ inú aago, àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun ní ṣónṣó wọn. Igi gígé àti òòlù jẹ́ bákan náà. Gígun zẹ́mí lójú ọ̀nà tí kò dán kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Òòfà kì í ṣeé fojú rí, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi í sọ́kàn. Ó wà nínú sípíkà rédíò, nínú fóònù, lẹ́nu àpò obìnrin tí ó ń pa dé fúnra rẹ̀. Bí ó bá mú sípíríńgì tín-ín-rín tí ń mí nínú aago, àwọn ibi tí ó ti wé yípo a lẹ̀ mọ́ra wọn, aago a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, nígbà mìíràn ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lójúmọ́. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá kọ́ńpáàsì kékeré tí ń tọ́ka kíbílà, irú èyí tí àwọn Alhájì máa ń mú bọ̀ láti Mẹ́kà, kí ẹ sún aago mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé aago kiri, òòfà ti mú un. Oníṣẹ́ aago tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ yóò yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, láì ṣí aago náà.

Kí ẹ má sì pe ohun tí kì í ṣe àìsàn ní àìsàn. Aago sípíríńgì tí COSC, ilé ìdánwò aago ní Switzerland, fún ní ìwé ẹ̀rí pàápàá ni a gbà láyè kí ó fi àáyá 4 rẹlẹ̀ tàbí kí ó fi 6 lé lójúmọ́. Ẹ fi tiyín wé àkókò fóònù ní òwúrọ̀ kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà láti oṣù dé oṣù, ara rẹ̀ le.

Lálẹ́, ẹ fi aago sínú àpò aṣọ rírọ̀, kí ó dá wà, nítorí pé ẹ̀gbà wúrà àti aago tí ó wà nínú àpótí kan ń họ ara wọn ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a páàkì sóòrùn. Àwọn àpò kékeré tí ń fa omi mọ́ra tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun wúlò nínú àpótí aago, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà lára aago sínú ìwé, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi rìsíìtì rẹ̀ síbòmíràn, kì í ṣe inú àpótí aago kan náà.

Nígbà tí ó bá di ti oníṣẹ́ aago

Òróró bíńtín ni ó wà nínú aago sípíríńgì, ó sì ń gbẹ. Láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá ti wí, a ní láti tú u palẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì fi òróró tuntun sí i, bí ó tilẹ̀ ń rìn dáadáa; irin tí kò ní òróró ń jẹ ara wọn láì pariwo. Rọ́bà ìdènà omi ni kí a máa yẹ̀ wò lọ́dún kan sí méjì bí ẹ bá ń bá aago yín wọ omi. Bátìrì tí ó bá ti kú, ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ kíákíá, nítorí pé omi tí ó ń jò lára rẹ̀ lè jẹ inú aago.

Kí ẹ tó fi aago yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ní ọjà Ouando tàbí ní ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹ bi í. Kí ni yóò fi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀? Bí ó bá mú ọ̀bẹ, ẹ gba aago yín. Ǹjẹ́ ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán omi wò lẹ́yìn tí a bá ti pa á dé? Ǹjẹ́ yóò dá àwọn ẹ̀yà tí ó bá yọ padà fún yín? Bí ó bá fẹ́ bá yín dán an kí ó lè máa kọ mọ̀nàmọ́ná, ẹ ní kí ó fi í sílẹ̀. Irin tàbí wúrà ni ó ń fá kúrò, etí aago tí ó mú tẹ́lẹ̀ yóò kú, ẹni tí ó bá sì mọ aago kò níí fẹ́ san iye tí ó tọ́ sí i mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á padà, ẹ wọ̀ ọ́ fún nǹkan bí wákàtí kan kí ooru ara yín lè wọ inú rẹ̀. Ẹ wá kán omi tútù kan láti inú fíríìjì sórí dígí rẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ nù ún kúrò kíákíá, kí ẹ sì wo abẹ́ dígí níbi tí ẹ̀kán omi náà wà. Bí ó bá mọ́ kedere, inú rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá rí ìrì níbẹ̀, kódà bí kò tó hóró ọkà bàbà, ẹ gbé e padà fún oníṣẹ́ náà ní ọjọ́ yẹn gan-an.